Aṣọ Dúdú Tí Mo Wọ̀ fún Máíkírà Mi

Ọjọ́ kan ń bẹ tó kọ̀ tí kò tán lọ́kàn mi, bí mo ti ń gbìyànjú tó láti gbàgbé rẹ̀. Sátidé kan ni, nígbà ọyẹ́, mọ́tò Máíkírà mi ló sì kó mi sí i. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí, torí ní ìlú wa, Máíkírà kì í ṣe mọ́tò ilé. Tákísì ni. Kì báà jẹ́ pé bàbá rẹ ló fi sílẹ̀ fún ọ, kì báà jẹ́ pé o ò gbé èrò kankan rí láyé rẹ, bó o bá ti jókòó sídìí Máíkírà, dírẹ́bà tákísì ni ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láràárọ̀, bí mo bá ti ń jáde ní Agbowó pẹ̀lú táì lọ́rùn mi, wọ́n á máa nawọ́ sí mi lọ́tùn-ún lósì. “Mọ́kọ́lá?” “Dùgbẹ̀?” “Ẹnì kan péré ni mí, ọ̀gá.” Bí mi ò bá dúró, èpè ni. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá mi dúró, wọ́n á kúkú ṣílẹ̀kùn, wọ́n á wọlé. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan gbé ọmọ wọlé sẹ́yìn mi ní Mọ́kọ́lá, kí n sì tó yanu sọ̀rọ̀, ó ti ń fọ́mọ lọ́yàn. Ta ló máa lé abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn bọ́ sílẹ̀? Mo gbé e dé ibi tó ń lọ. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, dípò kó dúpẹ́, ó ní mò ń wakọ̀ bí ẹni tí mọ́tò ń bà lẹ́rù. Mo pẹ́ dé ọ́fíìsì, ọ̀gá mi náà gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú mi, ó sú mi dé ọ̀fun.

Ibi tó ti wá di wàhálà gidi ni ti Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ tí mo fẹ́ fi ṣaya. Baṣọ̀run ni ilé wọn wà. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alájì, kò tíì gbà mí láyè láti wọlé wọn. Ẹnu géètì ni mo máa ń dúró sí bí mo bá gbé ọmọ wọn délé, bí ẹni wá gba nǹkan. Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, Alájì rán an sí mi pé, “Sọ fún ọmọ oní-Máíkírà yẹn kó wá rí mi ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì.”

Ọmọ oní-Máíkírà. Alájì ní ṣọ́ọ̀bù ní Challenge, wọ́n tún ní ilé míì ní Ring Road. Mo rò ó títí, mo ní bàbá yìí fẹ́ pè mí wá kí wọ́n lè sọ ọ́ sí mi lójú pé àwọn ò ní fi ọmọ fún dírẹ́bà. Bí ojú bá fi lè tì mí níwájú Alájì lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ pé ìyàwó ti lọ. Mọ́rẹ́nikẹ́ ní, “Bàbá mi ò bú ẹ. Ṣáà wá bó o ṣe wà.” Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ráàpù, ìyẹn ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò, tí mọ́tò pupa fi ń di dúdú láìjẹ́ pé wọ́n kùn ún lọ́dà. Mo ti rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ní Bódìjà, dúdú tí kò dán, gbogbo mọ́tò ń yà fún un lọ́nà. Mo lọ ra odindi ìdì kan ní Mọ́kọ́lá. Ọkùnrin tó tà á fún mi bi mí pé ta ló máa bá mi lẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi ni. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo táì mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́.” Mo ṣe àmín, mo rò pé àdúrà ni.

Mo ṣáà ti wo fídíò. Òyìnbó inú fídíò náà fi ọ̀rá yìí bo mọ́tò rẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún ń súfèé. Ohun tí mi ò bi ara mi ni pé ṣé ọyẹ́ ń fẹ́ níbi tí òyìnbó náà wà.

Mo tọrọ àyè ọjọ́ Jímọ́ọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Láàárọ̀, mo fọ mọ́tò náà nínú ọgbà ilé tí mò ń gbé ní Agbowó, ó mọ́ tónítóní. Kí n tó mú ọ̀rá, eruku ọyẹ́ ti bà lé e. Mo nù ún, eruku tún bà lé e. Mo tún nù ún. Nígbà tó yá, mo ní kí ni eruku díẹ̀ lè ṣe, mo tẹ́ ọ̀rá sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gbogbo eruku abẹ́ rẹ̀ bá yọ síta bí irorẹ́. Ibi tí kò sí eruku, afẹ́fẹ́ wú síbẹ̀ bí eéwo. Mo fi káàdì báńkì mi tẹ̀ ẹ́, eéwo náà kàn ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ni. Mo fi abẹ́rẹ́ gún un, ó rọ̀, ó tún wú.

Fídíò ní ooru ló ń mú kí ọ̀rá náà rọ̀, kó sì gbara mọ́tò. Mo bá lọ bẹ Ìyá Bísí, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà níwájú ilé wa, wọ́n yá mi ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. “Má jẹ́ kó pẹ́ o, kọ́sítọ́mà mi ń bọ̀,” ni wọ́n wí. Mi ò tíì ṣe ẹ̀gbẹ́ kan tán tí wọ́n fi mú iná lọ.

Ẹlòmíì á dúró níbẹ̀. Èmi, ọlọ́gbọ́n, mo rántí áyọ́ọ̀nù eléèédú tí ìyá mi dì fún mi nígbà tí mò ń kúrò ní Ìṣẹ́yìn. Mo kó ẹ̀ṣẹ́ iná sínú rẹ̀, mo tẹ́ aṣọ ìbora mi lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ mọ́tò. Ó sì ń ṣiṣẹ́ o, kí n má purọ́. Àwọn eéwo náà ń rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá Sùlè, àgbàlagbà tí yàrá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ti ń jáde lọ sí ìrun Jímọ́ọ̀. Wọ́n dúró, wọ́n wò mí títí.

“Ṣé mọ́tò náà ń bá wa lọ sí mọ́sálásí ni?”

“Rárá, Bàbá.”

“Mo rí i pé o ń bá a lọṣọ ni.”

Wọ́n kọjá lọ, èjìká wọn ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Inú bí mi, mo tẹjú mọ́ ẹ̀yìn wọn, mo gbàgbé pé áyọ́ọ̀nù dúró sójú kan. Nígbà tí mo máa fi gbé e, ihò kan ti wà lára ọ̀rá náà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì, aṣọ ìbora mi náà ti gba tirẹ̀.

Mo gé ọ̀rá míì tí mo fẹ́ fi bo ihò náà. Mo bó bébà ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí n lè nu òógùn ojú mi. Adìẹ Ìyá Bísí ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó gun ojú ibi tó ń lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fapá lù ú, apá náà lẹ̀ mọ́ ọn. Adìẹ gbé ọ̀rá, ọ̀rá gbé adìẹ, àwọn méjèèjì ń yí ọgbà ká, èmi ń sá tẹ̀lé wọn. “Kí lo fẹ́ fi adìẹ mi ṣe?” ni Ìyá Bísí ń bi mí láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kọ́sítọ́mà wọn sì jókòó pẹ̀lú orí tútù, ó ń wò mí bí olè. Nígbà tí a fi máa rí adìẹ tú sílẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ lójú ọ̀rá náà. Mo wo ìdì tó kù, kò tó nǹkan mọ́. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tìyẹ́tìyẹ́.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, iwájú mọ́tò àti ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ti dúdú, ọ̀rá sì ti tán. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀yìn ṣì jẹ́ búlúù bó ṣe wà. Mo tún ti lẹ ọ̀rá kọjá etí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kò ṣeé ṣí mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí láti gé e kó má baà ká. Mo sọ fún ara mi pé kò séwu: bí mo bá páàkì dáadáa, ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni Alájì máa rí.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo wọ agbádá, mo gba ilẹ̀kùn ọ̀tún wọlé, mo fi ìdí wọ́ kọjá jíà dé ìdí ọwọ́ ọkọ̀. Mo rọra ń wà á lọ. Mi ò tíì kúrò ní Bódìjà tí afẹ́fẹ́ fi ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọ̀rá orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sókè, ó fi bo gíláàsì iwájú. Ojú mi ṣú. Mo tẹ búréèkì, mo dúró lẹ́bàá títì. Bí mo ṣe ń dúpẹ́ pé mi ò gbá èèyàn ni mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí.

“Baṣọ̀run.” Ìyá àgbàlagbà kan ni, wọ́n gbé kíréètì ẹyin kan lé itan.

“Màmá, kì í ṣe tákísì.”

“Kí ló wá jẹ́? Ọkọ̀ òfuurufú?”

Ìrun Àsárì ti ń sún mọ́lé. Mo wo ọ̀rá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú mi, mo wo ìyá yìí, mo gba f'Ọ́lọ́run. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú. Tí ẹ bá lè bá mi na ọwọ́ síta kí ẹ di ọ̀rá yìí mú, mo máa gbé yín dé ẹnu ilẹ̀kùn yín.”

“Bí ẹyin mi bá fọ́, a jọ máa dé àgọ́ ọlọ́pàá ni,” ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n wọ́n bọ́ síwájú. Wọ́n fi ọwọ́ kan di ẹyin mú, wọ́n fi ọ̀kan di mọ́tò mú, ìmọ̀ràn ò sì kúrò lẹ́nu wọn. “Ẹni tó gbé ọkọ̀ yìí fún ọ kó o máa wà á, ṣé ó ti rí ohun tó o fi ṣe? O ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.” Àwọn tó wà létí títì ń nawọ́ sí mi síbẹ̀síbẹ̀. “Baṣọ̀run, ẹnì kan?”

Mo fẹ́ sọ ìyá yìí kalẹ̀ kí n tó dé ilé Alájì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi lè fi ọ̀rá sílẹ̀ báyìí, mi ò ní rí iwájú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jọ dé ẹnu géètì. Alájì jókòó síta lórí àga, wọ́n ń ja tẹ̀súbáà, Mọ́rẹ́nikẹ́ dúró tì wọ́n. Ìyá ẹlẹ́yin kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà wọ́ jáde tẹ̀lé wọn, agbádá mi há sára jíà, mo fi orí kọ́kọ́ jáde. Mo dọ̀bálẹ̀.

Alájì ò wò mí. Wọ́n dìde, wọ́n yí mọ́tò náà ká, ẹ̀gbẹ́ dúdú, ẹ̀yìn búlúù. Wọ́n fa ìyẹ́ adìẹ kan yọ, wọ́n gbé e sójú.

“Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, sà.”

“Ta wá ni Máíkírà ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?”

“Alájì, ẹ bá mi bá dírẹ́bà yín wí,” ni ìyá ẹlẹ́yin wí. “Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló bà jẹ́ báyìí.” Wọ́n gbé ẹyin wọn, wọ́n lọ.

“Ṣé o ń wa tákísì lóòótọ́?” ni Alájì bi mí.

Mo ní àyè nìyí. Mo yára dáhùn, “Rárá o, sà. Ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Dùgbẹ̀.” Mo retí kí wọ́n tújú ká. Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì ni.

Wọ́n ní, “Èmi rò pé dírẹ́bà ni ọ́. Mọ́tò kékeré bí èyí ni mo fi wa tákísì nílùú yìí. Òun ni mo fi ra ilẹ̀ tí a dúró lé, òun ni mo fi gbé ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ wọlé. Àwọn tó ti wá síbí ṣáájú rẹ, jíìpù ni wọ́n ń yá wá. Ìwọ, mo ń rí ọ lẹ́nu géètì nínú Máíkírà rẹ, mo ní ọmọ tí kò tijú ohun tó ní rèé. Ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ìyẹn ni mo ṣe ní kó o wá. O wá lọ bò ó mọ́lẹ̀.”

Mo ti wo ohun tí wọ́n fẹ́ràn lára mi, mo fi ọ̀rá dì í, mo tún fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ kọjú sí ògiri, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ló ń sun tàbí ẹ̀rín ló ń rín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣa agbádá mi jọ kí n máa lọ.

“Níbo lò ń lọ?” ni Alájì wí. “Bọ́ agbádá yẹn. Mọ́rẹ́nikẹ́, gbé omi gbígbóná wá.”

A ò wọ pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Alájì ká apá bùbá wọn, èmi àti wọn bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ọ̀rá. Bí ọ̀rá ṣe ń ká, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà búlúù ń bá a lọ, ó ń dùn mí, mi ò sì lè sọ. Níbi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n bi mí nípa àwọn òbí mi. Níbi ilẹ̀kùn dírẹ́bà, wọ́n bi mí bí mo ṣe fẹ́ bọ́ ọmọ wọn. Mo dáhùn bó ṣe wà, torí kò sí ọ̀rá tó kù tí mo lè fi bo nǹkan kan. Nígbà tí a dé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi èékánná yọ ìyẹ́ adìẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Àwọn èèyàn rẹ ní Ìṣẹ́yìn, ìgbà wo ni wọ́n máa wá?”

Mọ́rẹ́nikẹ́ ti di ìyàwó mi báyìí. Mọ́tò náà ṣì wà, àmì ibi tí ọ̀dà ti ṣí wà lára rẹ̀ bíi làpálàpá, Alájì sì ti kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ kùn ún. Ohun tí mo rí kọ́ kò ju pé kí èèyàn kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń wá lára òun kó tó máa bo ara òun. Àti pé kí ẹnikẹ́ni má fi áyọ́ọ̀nù lọ mọ́tò. Lánàá, ọkùnrin kan ṣílẹ̀kùn mọ́ mi lọ́wọ́ ní Mọ́kọ́lá, ó ní Baṣọ̀run. Mo ní kó wọlé, ilé àna mi ni mò ń lọ. Ó jókòó, ó wo ara mọ́tò, ó mí kanlẹ̀. “Dírẹ́bà,” ni ó wí, “ẹ ò ṣe fi ráàpù bo mọ́tò yìí?” Mo rẹ́rìn-ín títí a fi dé Baṣọ̀run, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà dùn mí díẹ̀.