Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Jẹun

Ilé àdúrà kan ní Araromi-Obu ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí oòrùn ọ̀sán ń rọlẹ̀. Dókítà Olúrótìmí, olùkọ́ yunifásítì, jókòó ẹsẹ̀ lásán lórí bẹ́ǹṣì, eruku ọ̀kadà ti sọ irun rẹ̀ di pupa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti kọ̀wé tọrọ gíráǹtì, owó ìrànwọ́ ìwádìí, lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti dá a padà. Bí ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún yìí bá tún bọ́, yunifásítì á gba yàrá ìwádìí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á máa kó àga tó ti kán síbẹ̀. Aago mẹ́rin ni gbèdéke. Aago mẹ́ta ti kọjá. Ohun tó kù kò ju kí Ìyá Àdúrà Rachel, olórí ilé àdúrà náà, fọwọ́ sí ìwé kan.

"Obìnrin tí kò ka nǹkan kan kọjá Bíbélì àti ìwé orin," Dókítà ń sọ nínú ara rẹ̀, "òun ni èmi wá ń bẹ̀. Ayé mà ti bàjẹ́ o!" Ẹ̀rín ló ń rín síta ṣá. Ẹni tó wá tọrọ kì í fajú ro.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi èdè tó rọrùn là á yé yín."

"Là á yé mi. Ọmọ jéléósinmi ṣáà ni mí."

"Ara wa kún fún ohun tín-tìn-tín kan tó ń jẹ́ sẹ́ẹ̀lì. Ojú lásán ò lè rí i. Bí a bá jẹun, àwọn ló ń pinnu èyí tí wọ́n máa lò àti èyí tí wọ́n máa fi pamọ́. Bí oúnjẹ ò bá wọlé mọ́, wọ́n á lọ tú èyí tí wọ́n fi pamọ́. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń sọ fún wọn pé àsìkò ti tó."

"Ọlọ́run ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Àmọ́ àwọn tó fẹ́ fún mi lówó ò ní gba ìdáhùn yẹn."

"Wọn ò gba Ọlọ́run, ìwọ wá ń du àtigba owó wọn. Ó dáa, máa bọ̀."

"Mo nílò àwọn tó mọ ààwẹ̀ í gbà. Àwọn ọmọ yunifásítì wa ò lè fi oúnjẹ sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, Màmá! Ọdún mọ́kànlélógójì lẹ ti ń gbààwẹ̀! Mo ti kọ orúkọ yín sí ojú ìwé àkọ́kọ́."

"O kọ orúkọ mi sínú ìwé kí o tó wá kí mi?"

"Mo fẹ́ kó yá ni, Màmá."

"Ó yá lóòótọ́. Orúkọ mi fẹ́ẹ́ dé ìlú òyìnbó, èmi fúnra mi ò tíì dé Omifunfun tó wà nítòsí yìí láti oṣù tó kọjá."

Ìyá fi èdè Ìkálẹ̀ kùn nǹkan kan sínú. Kì í ṣe àdúrà.

"Kí lo máa wá fi àwọn tó ń gbààwẹ̀ ṣe?"

"A kàn máa fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni, láràárọ̀, fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Kò ju ṣíbí kan lọ."

"Ẹni tí kò jẹ, tí kò mu, ìwọ tún fẹ́ gbé ṣíbí lọ bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀! Ẹ̀fọn sàn jù ọ́ lọ. Ẹ̀fọn kì í ní ká fọwọ́ síwèé kó tó mu tirẹ̀."

"Màmá, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni!"

"Mo gbọ́. Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ààwẹ̀ ló fa ohun tó o bá rí? Ta lo fẹ́ fi wé wa?"

Ẹnu ya Dókítà. Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn òyìnbó fi dá a padà lọ́dún tó kọjá.

"Hẹn-ẹn! A máa ní ẹgbẹ́ kejì, Màmá. Àwọn yẹn ò ní gbààwẹ̀ rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni wọ́n á máa jẹun."

"Jẹ kí ni?"

"Oúnjẹ gidi! Iyán, ẹ̀wà, ẹja, ẹyin. A ó máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn."

"Owó ta ni?"

"Owó gíráǹtì."

Ìyá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Mú bírò wá."

Inú Dókítà dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin. Ìyá tẹ̀ mọ́ ìwé, ó ń kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Dókítà bẹ ojú wò ó, ó figbe ta.

"Yéè! Màmá, ibi tí ẹ kọ ọ́ sí kọ́ nìyẹn! Ẹgbẹ́ àwọn tó ń jẹun nìyẹn!"

"Mo mọ̀wé kà."

"Ààwẹ̀ yín ni mo fi kọ gbogbo ìwé náà!"

"Jókòó, kí o gbọ́ mi. Òfin ilé yìí ni pé ẹni tó bá gbé ẹ̀bẹ̀ wá ló ń gbààwẹ̀ ẹ̀bẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n wọn kì í lè ṣe é dé ọ̀sán, èmi ni mo sì ń bá wọn parí rẹ̀. Abraham ń wá ìgbéga níbi iṣẹ́ ìjọba, mo gbààwẹ̀. Pẹ̀lúmi ń wá físà, mo gbààwẹ̀. Pẹ̀lúmi dé Kánádà, fọ́tò oúnjẹ ló ń fi ránṣẹ́ sí mi! Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bi mí rí pé, Rachel, kí lo jẹ? Ó dùn mí, Dókítà. Ebi ti sú mi."

Dókítà wo fóònù rẹ̀. Aago mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù.

"Ta ló máa wá gbààwẹ̀, Màmá?"

"Ta ló gbé ẹ̀bẹ̀ wá?"

"Èmi ni, ṣùgbọ́n olùwádìí kì í…"

"Ta ló fẹ́ gbowó?"

"Èmi ni."

"Ta ló wá yẹ kí ebi pa?"

Dókítà gba bírò. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sókè, lábẹ́ àkọlé àwọn tó ń gbààwẹ̀. Ó ya ìwé náà ní fọ́tò, ó sáré jáde lọ wá nẹ́tíwọ̀kì lábẹ́ igi òroǹbó, ó fi ránṣẹ́. Nígbà tó padà wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó bímọ ọkùnrin.

"Ó ti wọlé, Màmá! Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n á dá wa lóhùn."

"Oṣù mélòó?"

"Mẹ́fà, Màmá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Ẹgbẹ́ tèmi ò lè dúró de ìyẹn. Ọ̀kadà ẹ ṣì wà níta: lọ ra iyán àti ẹran ìgbẹ́ wá fún mi ní Ore. Má sì tọ́ ọ wò lójú ọ̀nà o, ààwẹ̀ ẹ ti bẹ̀rẹ̀!"