Orin Háùsì Mi àti Ohùn Màmá Onílé

Mo lè gbàgbé orúkọ gbogbo àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó-Ọ̀tà, àmọ́ ọ̀sán ọjọ́ tá a ṣe àríyá ìparí ọdún ní kántíìnì iléeṣẹ́ wa ò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rántí ẹ̀.

Ìgbà Sáàpù ni, nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, tí kásẹ́ẹ̀tì tuntun di ohun tí èèyàn ń fojú wò lásán lórí àtẹ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi kan ránṣẹ́ sí mi, orin ijó òyìnbó tí wọ́n ń pè ní háùsì ló kún inú ẹ̀. Tí ìlù yẹn bá ti ń lọ kì, kì, kì, tí dùùrù wọlé, obìnrin kan á wá ké látòkè bí ẹni tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, á máa bẹ olólùfẹ́ ẹ̀ pé kó má lọ. Orí mi á wú.

Àwọn ará ibiṣẹ́ mi ò rí tèmi rò. Aṣọ là ń hun, ẹ̀rọ ń pariwo sí wa létí látàárọ̀ dalẹ́. Rísíkátù, ọmọbìnrin kan tó ń di aṣọ sí páálí, tí mo ti ń wojú ẹ̀ tipẹ́, ló sọ ọ́ síta: "Bọ̀dá, ṣé ariwo ẹ̀rọ yìí ò tó yín ni, tẹ́ ẹ tún ń gbọ́ irú ẹ̀ nílé?"

Ó dùn mí wọra. Mo ní kó dúró dọjọ́ àríyá, tó bá gbọ́ ohùn obìnrin yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló máa ní ká jọ jó. Ọ̀gá wa gbọ́, ó ní kí n mú orin náà wá. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Nígbà tí ọjọ́ náà ku dẹ̀dẹ̀, màmá onílé mi ní Ìjù wá yá rédíò mi. Ó fẹ́ gbohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ fún Tájù, ọmọ ẹ̀ tóun náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹnì kan tó ń rìnrìn àjò lè bá a mú un lọ. Bí àwọn ìyá tí ò mọ̀wé kọ ṣe ń kọ lẹ́tà nígbà yẹn nìyẹn. Èmi ọmọlúàbí, mo gbé e fún un, tòun ti kásẹ́ẹ̀tì mi nínú ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ àríyá ló dá a padà. Mo wò ó fìrí, kásẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, mo bá sáré jáde.

Kántíìnì kún. Mo ní kí Rísíkátù súnmọ́ iwájú. Mo tún dúró ṣàlàyé: ẹ fi ti ìlù sílẹ̀, ohùn obìnrin ni kẹ́ ẹ gbọ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Tájù, ọmọ mi, èmi ìyá ẹ ni mò ń sọ̀rọ̀ o."

Mo nawọ́ kí n pa á, ọ̀gá gbá mi lọ́wọ́. "Fi sílẹ̀. Ṣebí ìwọ lo ní ká gbọ́ ohùn obìnrin."

Màmá kí ọmọ, ó kí ìyàwó ọmọ, ó wá kàn mí. "Ayálégbé kan wà níbí tí kì í jẹ́ kí n sùn. Orin ẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń kanṣó mógiri. Obìnrin kan ń sunkún nínú ẹ̀ ṣáá, mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ọmọ náà ò burú o, ìyàwó ni ò ní. Ta ló máa bá a gbé nínú ariwo yẹn?"

Rísíkátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì.

Màmá wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Gàrí ti wọ́n, Tájù, àmọ́ má dààmú. Ohùn ẹ ni mo fẹ́ gbọ́." Àwọn tó fi ìyá sílẹ̀ ní Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ ń nujú. Wọ́n ní kí n dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Háùsì mi ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi mí.

Mo fìbínú délé. "Màmá, kásẹ́ẹ̀tì mi dà?"

"Èyí tó wà lórí tábìlì? Ṣé kì í ṣe tèmi ni? Ó ti wọ bàálù."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni èsì Tájù dé. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé ìyá òun ló ń ké, àyà òun já. Ní báyìí, ojoojúmọ́ lòun ń jó o, òun ò lè dá a padà. Kí Màmá jọ̀ọ́ tún fi irú ẹ̀ ránṣẹ́.

Rísíkátù náà wá sí Ìjù lọ́jọ́ Sunday kan. Mo ti wọ bàtà pé ká jọ jáde, kí n tó mọ̀ pé Màmá ló wá kí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju èyí lọ: kó o tó yá èèyàn ní rédíò, yọ kásẹ́ẹ̀tì ẹ. Mo ń rẹ́rìn-ín sí i ṣá, kí ni mo fẹ́ ṣe? Tájù ń jó orin mi ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi tí mo lorin ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ l'Ọ̀tà nígbà yẹn.