Òfin Ọwọ́ Tí Kò Kan Etí

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Àgbọ̀n, ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀! Ẹni tó ń sùn, kí ará ilé rẹ̀ jí i! Baálẹ̀ ní ká kí yín. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín títí ìkéde yóò fi parí.

Ọ̀rọ̀ Àyọ̀ká ni, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ Adégún alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n mú un lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọwọ́ kò kan etí! Wọ́n sì ń dá a padà sílé tẹkúntẹkún. Ọmọ tó ń fi òkúta sàmì sí òjìji igi máńgòrò láràárọ̀, kó lè mọ ibi tí òjìji náà ń sá lọ! Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò kan etí!

Lánàá, Àyọ̀ká tọ Baálẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀. Ó ní: "Baba, ẹ kú ìjókòó. Ṣé apá ni wọ́n fi ń kàwé ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan etí tiyín kí n rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Àwọn ìjòyè bú sígbe: "Háà! Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ọ?" Baálẹ̀ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè. Ọwọ́ dé orí fìlà, ó dúró. Agbádá ká a lọ́rùn. Baálẹ̀ na ìka, ó mí hẹlẹhẹlẹ. Ọwọ́ kò kan etí! Ọdún mọ́kàndínlógún lórí oyè, ọwọ́ kò kan etí! Ìgbà náà ló rántí àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n dá òun náà padà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, tí kò sì débẹ̀ mọ́. Ó wá pàṣẹ.

Òfin Kìíní: A kò gbọ́dọ̀ fi apá wọn ọgbọ́n mọ́! Ọmọ tó bá lè béèrè "Kí ló dé?" ti tó ilé ẹ̀kọ́ í lọ.

Òfin Kejì: Àgbàlagbà tó bá fẹ́ sọ pé ìbéèrè ọmọ ti pọ̀ jù, kó kọ́kọ́ gbé ọwọ́ gba orí, kó fi kan etí. Fìlà kò gbọ́dọ̀ ṣubú! Gèlè kò gbọ́dọ̀ tú! Bí kò bá kàn án, kó jókòó, kó dáhùn.

Òfin Kẹta: Ẹni tí kò mọ ìdáhùn, kó má purọ́. Kó wí pé: "N kò mọ̀, ọmọ mi. Jẹ́ ká jọ lọ wò ó." Gbólóhùn yìí kò pa ẹnikẹ́ni rí. Baálẹ̀ ti dán an wò.

Òfin Kẹrin: Òkúta tí ọmọ fi sàmì sí òjìji, kí ẹnikẹ́ni má kó o ṣe aàrò!

Arúfin yóò jókòó sí gbangba láti ìdájí dé ọ̀sán gangan. Gbogbo ọmọ ọdún mẹ́rin ìlú yóò máa bi í ní "Kí ló dé?" Kò gbọ́dọ̀ dákẹ́! Kò gbọ́dọ̀ sá! Wọ́n ti fi Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ dán ìyà náà wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Wàrà-wàrà ló kọ orúkọ Àyọ̀ká sínú ìwé.

Lọ́jọ́ Ajé, Àyọ̀ká yóò wọlé ẹ̀kọ́. Kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Kí àyè náà gba ẹni méjì o! Baálẹ̀ náà ń bọ̀ wá kàwé.

Agogo ló dún, Baálẹ̀ ló wí. Etí tó gbà á, kó gbé e délé!