Òjòlá Tí Mùnírù Ń Wọ̀n

Mùnírù ò lè dákẹ́. Ejẹ́ńtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá ni, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu, ẹ ó ní òun ló ni òkun.

Atukọ̀ kan ló fún un ní ọmọ òjòlá òkè-òkun, tí kò gùn ju apá lọ. Ó ní: eku kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kó sì máa wò ó bóyá ó jẹ ẹ́. Mùnírù gbé e wá sílé ní Ajégúnlẹ̀ nínú àpótí pákó gíga kan.

Kaothar ló fẹ́ fẹ́ lásìkò yẹn. Bàbá Kaothar, Àlàájì Sànúsí tó ní tírélà ní ibùdókọ̀ Coconut, sì ti sọ ọ́ lójú ẹ̀: "Ẹnu lo ní. Mi ò tíì rí nǹkan ẹlẹ́mìí kan tóo tọ́jú rí."

"Àlàájì, ẹ fún mi lóṣù mẹ́ta! Ẹ ó rí bí ejò mi ṣe máa dàgbà."

"Ó dáa. Tó bá dàgbà, wá mú ìyàwó."

Ṣé ẹ mọ ohun tí kò sọ fún wọn? Ẹ̀rù ejò ń bà á burúkú! Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, ó ṣí ọmọrí àpótí, ó dijú, ó ju eku sí i, ó sá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló rántí pé òun ò dé e. Ó fi igi ìgbálẹ̀ ti ọmọrí náà padà, ó dé e pa. Láti ọjọ́ náà, á kàn gbé ọmọrí sókè díẹ̀, á dijú, á ju eku àti búrẹ́dì sílẹ̀. Búrẹ́dì yẹn ni eku máa fi dúró de ikú.

Báwo ló ṣe wá mọ̀ pé ejò ń dàgbà? Bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹrù ní Warehouse Road ní Àpápá náà ni. Kò tú u wò rárá, ó kàn ń gbé àpótí lọ sórí ìwọ̀n ní gbogbo Sátidé.

"Ó ti fi kílò mẹ́rin lé e!" á pariwo. "Ẹ lọ sọ fún Àlàájì!"

Perpetual, aládùúgbò rẹ̀ tó ń dín búnsì, wá sọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Mùnírù, mi ò rí eku kankan nílé yìí mọ́ o."

"Òórùn ejò mi ni! Eku wo ló máa dúró?"

Oṣù mẹ́ta pé. Àlàájì àti Kaothar dé, gbogbo ilé rọ́ wá sí yàrá Mùnírù.

"Kílò mẹ́jọ ló fi sanra! Ẹ sún sẹ́yìn o, agbára ẹ̀ pọ̀."

Ó dijú, ó fa ọmọrí yọ. Háà! Eku! Ìyá eku, bàbá eku, ọmọ eku tí ò tíì lajú. Mùnírù yí padà láti sá, ìdí ẹ̀ gbá àpótí, àpótí dojú dé, eku tú ká. Perpetual ti wà lórí tábìlì.

"Yéè! Mùnírù, èyí tó wọ ṣòkòtò mi yìí, ṣé òun náà wà nínú kílò mẹ́jọ?" Àlàájì ń fò sókè.

"Ejò dà?" Kaothar béèrè.

"Ó... ó jáde díẹ̀ ni."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, àjà òkè ya, gbì! Òjòlá já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń dán, ó gùn ju bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún lọ. Mùnírù ké, ó fò mọ́ Kaothar lẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́.

Àlàájì wo ejò náà dáadáa. "Ó mà dàgbà lóòótọ́ o."

"Ṣé mo sọ fún yín!" Mùnírù dáhùn látẹ̀yìn Kaothar. "Ìtọ́jú ni, Àlàájì!"

"Ìtọ́jú kẹ̀? Nígbà tó rí i pé ọwọ́ ẹ lòun bọ́ sí, ó gun àjà lọ wá oúnjẹ fúnra ẹ̀. Kaothar, sọ ọ́ kalẹ̀ ká máa lọ. Ìwọ ò mọ àjà á gùn."