Yàrá Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Yàn Lórí Pílánù

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í béèrè ọ̀nà. Kí ẹ tó la ẹnu, ó ti mọ̀ ọ́n. Bó bá sì ṣìnà tán, á ní òun ti fẹ́ fi ibẹ̀ hàn yín tẹ́lẹ̀ ni. Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n là ń pè é nínú ilé wa, lẹ́yìn rẹ̀ o, torí àgbà ni. Èèyàn dáadáa ni, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí náà ẹ rọra fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti kọ́ ìmọ̀ ilé kíkọ́. Nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ọdún méjì ló fi gun kẹ̀kẹ́ fún àwọn ayàwòrán ilé, tó ń gbé pílánù lọ fún àwọn tó ń kọ́lé. Kò tú ọ̀kan wò rí. Ṣùgbọ́n abẹ́ abíyá ló máa ń há a sí, ó sì dá a lójú pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ náà gbà wọ ara òun.

Nígbà tó yá, àwa ọmọ ìyá mẹ́ta pinnu láti jọ kọ́ ilé alájà kan. Màmá wa á wà nísàlẹ̀, àwa á wà lókè. Ayàwòrán ilé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, fi pílánù ránṣẹ́ sí wa. Ó so ìwé kékeré kan mọ́ ọn tó ṣàlàyé gbogbo àmì inú rẹ̀, ó sì ní òun lè wá là á yé wa lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó má ṣe wàhálà. Ó ká ìwé kékeré náà sí mẹ́rin, ó fi í ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì, ó wá tẹ́ pílánù sórí tábìlì ọ̀hún.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wa. Gbogbo ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fa ìlà kan tó tẹ̀ sí, láti fi hàn bí ilẹ̀kùn ṣe máa ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi ní fáànù ni, pé ibi tí atẹ́gùn rẹ̀ máa dé nìyẹn. Ìyàwó mi ka fáànù mọ́kànlá, ó sì béèrè bóyá òtútù ò ní mú àwọn ọmọ. Nínú yàrá tóóró kan, nǹkan kan rí roboto bí ẹyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ní àga ìrọ̀gbọ̀kú ni.

"Ìwọ ni mo fún," ó sọ fún mi. "Ìwọ lo fẹ́ràn ìwé kíkà. Máa jókòó síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní dí ẹ lọ́wọ́."

Mo dúpẹ́. Lóòótọ́, lárààárọ̀ ni mò ń jókòó síbẹ̀ báyìí, ilẹ̀kùn a sì wà ní títì.

Ó wá kan yíyan yàrá. Àpótí mẹ́rin ló wà lókè lórí pílánù. Mẹ́ta wà níwọ̀nba. Ìkẹrin tóbi jù wọ́n lọ, wọ́n sì fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sínú rẹ̀ láti igun dé igun.

"Ẹ rí àmì yìí?" ẹ̀gbọ́n mi ní. "Bí wọ́n ṣe ń ṣàmì sí yàrá olórí ilé nìyí. Wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, ká má baà jà sí i."

A ò jà sí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú ọ̀kan, èmi náà mú ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì fi inú rere bùn àwọn ọmọ mi ní èyí tó ṣẹ́ kù.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbálẹ̀ ló fi rí ìwé kékeré lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ó kà á tán, ó fi hàn mí, ó sì sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú yàrá tèmi. Kò sí nǹkan kan nínú èyí tí ẹ mú yẹn."

"Báwo ni nǹkan ṣe máa wà ńbẹ̀? Ṣé mo ti kó ẹrù mi dé ni?"

"Ẹ kàn ka ìwé yìí."

"Ìwé àwọn tí ò mọ pílánù nìyẹn," ó ní, ó sì wò ó látòkè délẹ̀. Ó ti yé e. Yàrá òun ni obìnrin yìí ń wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kó gbogbo wa jọ síwájú màmá wa. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé pé kálukú ti ní yàrá tirẹ̀, pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣe pààrọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún pààrọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wo àjà títí, ó wá fọwọ́ sí i. Èmi náà fọwọ́ sí i. Nígbà tí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún màmá wa lẹ́yìn ìyẹn, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Á débẹ̀."

Ilé ń gòkè, ẹ̀gbọ́n mi ò yọjú. Ó ní ẹni tó mọ pílánù kà ò ní ohun tó ń wá lọ síbi sìmẹ́ńtì. Ọ̀dọ̀ káfíńtà ló lọ, ó ní kó kan bẹ́ẹ̀dì tó máa bá yàrá òun mu, kó fẹ̀ dáadáa, kó má sì ṣeé tú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni káfíńtà bi í bóyá ó dá a lójú.

Ọjọ́ tí a fẹ́ kẹ́rù wọlé pé. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sí àárín pálọ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Pálọ̀ yìí mà ga o." Àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, káfíńtà sì mú téèpù rẹ̀, ó ṣáájú wọn gòkè lọ wọn yàrá. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà a ò gbọ́ ọ mọ́. Nígbà tó ṣe, a rí orí rẹ̀ lókè wa, ó gbá irin ìdìmú mú.

"Ọ̀gá, mi ò rí yàrá yẹn."

"Iwájú ẹ gan-an ló wà."

"Ẹ̀yin ni mò ń wò níwájú mi, sà."

Ẹ̀gbọ́n mi gun àtẹ̀gùn lọ bá a. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá wo ìsàlẹ̀, gbogbo wa sì ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yọ ìwé kékeré náà nínú báàgì, ó kà á sókè jẹ́jẹ́: àpótí tí ìlà méjì bá dábùú ara wọn nínú rẹ̀, ibẹ̀ ò ní ilẹ̀, òfìfo ni títí dé pálọ̀.

"Baálé mi," ìyàwó rẹ̀ ní, "kọ́tìnnì tí mo rán ńkọ́?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní àwọn ọmọ mi lè wá bá wa sùn, kó gba yàrá tiwọn. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní, "A ti fọwọ́ síwèé." Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yọ ìwé àdéhùn tí a fọwọ́ sí náà, ó sì fà á ya lójú rẹ̀. A rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, àfi ìgbà tí bẹ́ẹ̀dì dé kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn tó kọ̀ tí ò kọjá. Káfíńtà ní òun máa gé e, òun á tún un kàn, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló máa gbà. Bí bẹ́ẹ̀dì ṣe padà sí àárín pálọ̀ nìyẹn, tòun ti ẹ̀gbọ́n mi lórí ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ lọ sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Ilẹ̀ mọ́, ọ̀rẹ́ màmá mi kan wá kí wa kú oríire ilé tuntun. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá bẹ́ẹ̀dì pàdé, àti ẹsẹ̀ ńláńlá méjì tó yọ lábẹ́ aṣọ ìbora.

"Ta ló sùn sí pálọ̀ báyìí?" ó béèrè.

Màmá mi ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. "Kì í ṣe pálọ̀ ló sùn sí," ó ní. "Yàrá ẹ̀ ló wà. Ilẹ̀ yàrá ọ̀hún ló kàn wà nísàlẹ̀ díẹ̀."