Àlùwàlá Lẹ́sẹ̀ Ìsédò

ALHÁJÌ MÍSBÁÙ: Mi ò bi ọ́ bóyá ó so dáadáa, Tàjùdíìnì. Mo ní, ta ló gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí ìsédò?

TÀJÙDÍÌNÌ: Èmi ni, Alhájì. Ibẹ̀ ṣófo, ló jẹ́ kí n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ díẹ̀.

(Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, létí adágún kékeré kan tí àwọn ènìyàn ti máa ń tu ọkọ̀ ojú omi fún ìgbádùn, bí a bá kọjá Madina díẹ̀ ní ìlú Accra, ní Ghana. Òkè amọ̀ gígùn kan ni wọ́n fi sé omi náà. Alhájì Mísbáù, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n bójú tó irú ìsédò bẹ́ẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì, wọ bàtà rọ́bà, ó sì mú ìwé àkọsílẹ̀ dání. Tàjùdíìnì, olùtọ́jú adágún, ń tẹ̀ lé e tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lọ́jọ́ Sátidé, ọgọ́ta ọmọ ilé-kéwú ń bọ̀ wá ṣeré níbẹ̀. Raqeebah, ọmọ-ọmọ Alhájì, wà lára wọn.)

ALHÁJÌ: Nígbà tiwa, koríko orí ìsédò a máa kúrú bí irun orí akẹ́kọ̀ọ́. Ewúrẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀ kí ó gun orí rẹ̀. Ìwọ wá sọ ọ́ di oko!

TÀJÙDÍÌNÌ: Alhájì, gbòǹgbò wọn ló di amọ̀ mú. Ẹ wò ó, ó dúró gbọn-in páà!

ALHÁJÌ: Bí gbòǹgbò bá kú ńkọ́? Yóò jẹrà, àyè rẹ̀ yóò ṣófo, omi yóò sì rí ọ̀nà gbà. Gbogbo wọn ni wàá gé.

TÀJÙDÍÌNÌ: Àti ìdí tí mo ti gé odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ránṣẹ́ sí yín ní Jímọ̀ tó kọjá?

(Alhájì ṣí ìwé, ó tún pa á dé.)

ALHÁJÌ: Ṣé òun ni kelewele tí wọ́n fi ata àti atalẹ̀ dín fún mi?

TÀJÙDÍÌNÌ: Òun gan-an ni. Ṣé ó dùn?

ALHÁJÌ: Ohun tí mo bá wá síbí kọ́ nìyẹn. (Ó ń kọ ọ́.) Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdí mẹ́rìndínlógún.

TÀJÙDÍÌNÌ: Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dùn.

ALHÁJÌ: Ọ̀nà tí àpọ̀jù omi ń gbà jáde dà?

TÀJÙDÍÌNÌ: Òun nìyí, lábẹ́ àwọn àpò yanrìn yẹn.

ALHÁJÌ: Lábẹ́ kí ni?

TÀJÙDÍÌNÌ: Àpò yanrìn. Ogún ni. Èmi nìkan ni mo rù wọ́n! Omi ń ṣòfò níbẹ̀, ẹja sì ń bá a lọ. Ọ̀gá tó ni ibí sọ pé òun fẹ́ kí adágún kún dé ẹnu kí àwọn ọmọ tó dé. Ni mo bá dí i. Ẹ ò rí bó ṣe kún? Bí ẹ bá ti ìka kan bọ̀ ọ́ báyìí, yóò dà.

ALHÁJÌ: Bí òjò ńlá bá wá rọ̀, níbo ni omi yóò gbà?

TÀJÙDÍÌNÌ: Yóò ní sùúrù.

ALHÁJÌ: Omi ni yóò ní sùúrù?

TÀJÙDÍÌNÌ: Ṣebí gbogbo wa là ń ní sùúrù ní Accra yìí? Ẹ lọ wo àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ trotro ní ibùdókọ̀ Circle.

ALHÁJÌ: Omi kì í tò sórí ìlà bí èrò trotro, Tàjùdíìnì! Yóò gun orí ìsédò kọjá ni, yóò sì wó o lulẹ̀!

TÀJÙDÍÌNÌ: Ẹ má bínú, Alhájì. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí yóò mú inú yín dùn hàn yín.

(Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ìsédò. Pèpéle sìmẹ́ǹtì kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú àpótí ìjókòó mẹ́fà àti búta àlùwàlá tí a tò ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Omi ń tú jáde láti ara òkè amọ̀ náà, ó nípọn tó apá ọmọdé.)

TÀJÙDÍÌNÌ: Ẹ bọ́ bàtà yín, Alhájì.

ALHÁJÌ: Kí ni ibí yìí?

TÀJÙDÍÌNÌ: Ibi àlùwàlá ni! Ìsun tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Láti àdúgbò Zongo ni wọ́n ti ń wá síbí. Nítorí pé àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Alata níbí, la ń tọ́jú rẹ̀, Omi Alata ni wọ́n sọ ọ́. Ibí ni àwọn ọmọ yóò ti ṣe àlùwàlá ìrun ọ̀sán ní Sátidé, gbogbo ọgọ́ta wọn. Mo ti fi àpótí iwájú sílẹ̀ fún Raqeebah yín.

(Alhájì kò bọ́ bàtà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.)

ALHÁJÌ: Tàjù. Ìgbà wo ni omi yìí bẹ̀rẹ̀?

TÀJÙDÍÌNÌ: Ṣáájú oṣù ààwẹ̀. Nígbà náà, kò nípọn ju ìka lọ. Ẹnì kan á máa ṣe àlùwàlá, ẹni mẹ́sàn-án á máa wò ó lójú. Ni Àlùfáà wa bá wá, ó tẹ́wọ́ àdúà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó pọ̀ sí i.

ALHÁJÌ: Ó sì pọ̀ sí i.

TÀJÙDÍÌNÌ: Lójoojúmọ́! Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà fi ọkọ́ ràn án lọ́wọ́ díẹ̀.

ALHÁJÌ: O ran ta lọ́wọ́?

TÀJÙDÍÌNÌ: Àdúà náà ni.

(Alhájì jókòó pẹ̀ẹ́ sórí àpótí Raqeebah.)

ALHÁJÌ: Ìsun kọ́ nìyí. Adágún ló ń jò! Ìwọ lo sì fi ọkọ́ la ẹnu rẹ̀ sí i!

TÀJÙDÍÌNÌ: Ó tì o, Alhájì. Bí adágún bá ń jò, ṣebí yóò fà? Ṣé ó fà?

ALHÁJÌ: Báwo ni yóò ṣe fà, nígbà tí o ti dí i lókè?

TÀJÙDÍÌNÌ: Ẹ rí i bí iṣẹ́ mi ṣe bára mu?

ALHÁJÌ: Gbọ́ mi dáadáa. Bí omi nìkan bá ń jáde, a lè fara dà á. Ṣùgbọ́n bí amọ̀ bá ń bá a jáde, inú ìsédò ló ń jẹ bọ̀. Ọjọ́ tí ó bá jẹ ẹ́ tán, yóò gbé àpótí, yóò gbé búta, yóò sì gbé ẹni tó jókòó sórí àpótí.

TÀJÙDÍÌNÌ: Amọ̀ bíi ti báwo? Omi yìí mọ́ lóló. Òun ni mo fi ń yọ ẹnu.

ALHÁJÌ: Lọ mú ìgò wá.

(Tàjùdíìnì mú un wá. Alhájì bu omi kún un, ó dé e.)

ALHÁJÌ: Ojú fèrèsé rẹ ni ìgò yìí yóò wà di àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má mì í. Bí ó bá mọ́, èmi yóò bọ́ bàtà, n ó ṣe àlùwàlá níbí, n ó sì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àlùfáà. Bí amọ̀ bá sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀…

TÀJÙDÍÌNÌ: Mà á mì í kó lè pòórá.

ALHÁJÌ: Tàjùdíìnì!

TÀJÙDÍÌNÌ: Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe.

ALHÁJÌ: Bí amọ̀ bá wà níbẹ̀, a ó da yanrìn bo ojú ihò yìí, a ó da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, kí omi lè jáde láìkó amọ̀ dání. Ọmọ kankan kò sì ní wá síbí ní Sátidé. Mẹ́wàá nínú àpò rẹ yóò kúrò nísinsìnyí. Ìgò ni yóò dá ẹjọ́ mẹ́wàá tó kù.

TÀJÙDÍÌNÌ: Ọ̀gá yóò lé mi lẹ́nu iṣẹ́, Alhájì. Ó fẹ́ kí omi kún.

ALHÁJÌ: Èmi ni n ó bá a sọ̀rọ̀. N ó ka ìwé yìí fún un láti ojú ewé kìíní dé ìparí.

(Tàjùdíìnì wo bí ìwé náà ṣe nípọn tó.)

TÀJÙDÍÌNÌ: Kí ẹ tó dé ojú ewé kejì, yóò ti gbà.

(Àárọ̀ Jímọ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìgò ojú fèrèsé. Omi tó wà lókè mọ́. Amọ̀ pupa ti sùn sísàlẹ̀.)

TÀJÙDÍÌNÌ: Alhájì, ìka méjì.

ALHÁJÌ: Mo rí i.

TÀJÙDÍÌNÌ: Mò ń fi í yọ ẹnu.

ALHÁJÌ: O ti sọ ọ́.

(Tàjùdíìnì ká sòkòtò rẹ̀ sókè. Ó wọnú omi, ó ń gbé àpò mẹ́wàá tó kù kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó gbé èyí tó kẹ́yìn, omi hó gùdù, ó sì gba ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ lọ. Alhájì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ àtijọ́.)

TÀJÙDÍÌNÌ: Àlùfáà ńkọ́, Alhájì? Ṣé a óò ní kí ó bẹ Ọlọ́run pé kí Ó gba ẹ̀bùn Rẹ̀ padà ni?

ALHÁJÌ: Sọ fún un pé àdúà rẹ̀ gbà. Kí ó kàn máa fi ìwọ̀n sí i nígbà mìíràn.

(Tàjùdíìnì mú omi inú ọ̀rá kan láti fi bọ́jú. Ó fẹ́ fi eyín já a, ó dúró. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.)

ALHÁJÌ: Kí lò ń wò?

TÀJÙDÍÌNÌ: Mò ń wò ó bóyá ìsédò àwọn tó ń ta omi yìí náà ń jò.

(Ó já a, ó bọ́jú.)