Iyán Tí Mo Dá Gún ní Savalou

Ọjọ́ kan wà tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ń gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi láti Bantè wá sí Savalou láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ni. Màhì ni gbogbo àgbàlá tí mo ń gbé ń sọ, èmi ò sì gbọ́ ju ìkíni lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, rédíò nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọdún òmìnira ń bọ̀, ọ̀gá ilé ìwé ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan gbé oúnjẹ kan wá, èyí tí àlejò máa rí tí á fi mọ̀ pé Benin nìyí.

"Iyán ni tèmi," mo yára dáhùn, bí ẹni tó ti gún un rí. Nílé wa, ìyá mi àtàwọn àbúrò mi ló ń gún un. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n fọ ọwọ́ lọ.

Mo yá odó lọ́wọ́ onílé. Ewùrà ni mo rà lọ́jà, èmi tí mo rò pé iṣu ni. Bí mo ṣe ń gún un ló ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Mo da gàrí sí i kó lè le. Ó le lóòótọ́, àmọ́ kókó kún inú rẹ̀. Lórí ọ̀kadà tó ń gbé mi lọ sílé ìwé, a kó sí kòtò, ìdajì ọbẹ̀ tí mo sè sì dà sí ṣòkòtò funfun mi.

"Pírọ̀n yín dáa o," olùkọ́ kan wí. Pírọ̀n, gàrí tí àwọn ará gúúsù ń fi omi ọbẹ̀ rò! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ǹ bá tún sọ? Àwo àwọn yòókù ṣófo, tèmi kún, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.

Ìyá àgbà kan tó wá wo ọmọọmọ rẹ̀ bu òkèlè kan. Ó wò mí, ó sì fi èdè Ìṣà, èdè wa ní Bantè, béèrè pé, "Ọmọ mi, ta ló bá ọ gún un?"

"Kò sẹ́nì kankan, Ìyá."

Ó fa àga, ó jókòó, a sì jọ jẹ ẹ́ tòun ti kókó rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, ó tún ku èmi nìkan.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi oúnjẹ ṣojú orílẹ̀-èdè, kó kọ́kọ́ wá ẹni tí wọ́n á jọ sè é. Èmi ò tíì rí tèmi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, búrẹ́dì àwọn Faransé ni mo gbé lọ. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá, wọ́n ń béèrè bóyá ó kù. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú.